Dídá Èèrà Tuntun Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ìbátan Rẹ̀: Ìtọ́nà fún Ilẹ̀ Òkè Kétu

Ẹni tó bá fẹ́ rí èèrà ní ilẹ̀ òkè Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò ní rìn jìnnà. Wọ́n wà lára igi ọsàn ní Ìfọ̀nyìn, wọ́n wà nínú oko ọ̀pẹ ní Pobè, wọ́n ń tò gba ojú ọ̀nà kọjá ní Adakplamè lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, wọn kì í sì í yẹ̀ nídìí ike ṣúgà. Rírí wọn kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kí ẹ kó méjì tó jọra síwájú, kí ẹ sọ bóyá irú kan náà ni wọ́n tàbí irú méjì, kí ẹ sì lè tọ́ka sí ohun tí ẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fún irú èèrà tó ju 14,000 lọ lórúkọ káàkiri ayé, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kéde pé ó jẹ́ tuntun kì í ṣe ohun tí ojú ènìyàn kò kàn rí. Ó ti wà nínú ìgò ọtí tàbí lórí abẹ́rẹ́ nínú ilé ìpamọ́ láti ọdún gbọọrọ, orúkọ ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń fi pè é, kí ẹnì kan tó fara balẹ̀ wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ẹni tó mọ ìyàtọ̀ wò sí ju ẹni tó mọ igbó rìn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní méjèèjì ló dára jù.

Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo ìtọ́nà yìí dá lé: ìyàtọ̀ tí kò bá dúró lára gbogbo àwọn ọmọ ilé kan, tí kò sì tún dúró nínú ilé mìíràn, kì í ṣe ìyàtọ̀ irú. Ó lè jẹ́ ti ọjọ́ orí, ó lè jẹ́ ti ìwọ̀n ara, ó lè jẹ́ ti akọ àti abo.

Ìtàn orúkọ tuntun méjì

Ní ọdún 2017, Francisco Hita Garcia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Okinawa ní Japan kéde irú èèrà tuntun mẹ́ta láti ilẹ̀ Áfíríkà, gbogbo wọn nínú ìdílé Zasphinctus. Wọ́n fi ọ̀kan, Zasphinctus obamai, tó wá láti igbó Kakamega ní Kẹ́ńyà, bọlá fún Barack Obama. Wọ́n fi èkejì, Z. wilsoni, bọlá fún Edward Wilson, àgbà onímọ̀ èèrà ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ wa jù: Z. sarowiwai, tó wá láti Kamẹrúùnù, tí wọ́n fi rántí Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé ará Nàìjíríà tó jà fún ilẹ̀ Ogoni, tí ìjọba ológun sì pa ní 1995.

Àwọn èèrà yìí ṣọ̀wọ́n, inú ilẹ̀ àti abẹ́ ewé jíjẹrà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì fi ara jọ àwọn ìbátan wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣe ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray ya àwòrán èèrà náà láti gbogbo ọ̀nà, débi pé ènìyàn lè yí i síwá sẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà, kó sì wo ibi tí awò lásán kì í dé, láìfọ́ ẹyọ ara rẹ̀ kan. Orí ìrísí ara ni wọ́n gbé orúkọ náà kà. Wọn ò gbé e lé pé ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ.

Ìtàn kejì kì í ṣe ti èèrà, ti eṣinṣin èso ni, ṣùgbọ́n ó kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gan-an. Ní 2003 wọ́n rí eṣinṣin kan ní Kẹ́ńyà tó ń yé ẹyin sínú máńgòrò. Ní 2004 wọ́n rí i ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 2005, Drew, Tsuruta àti White fún un lórúkọ tuntun, Bactrocera invadens. Wọ́n mọ̀ pé ó bá Bactrocera dorsalis ti ilẹ̀ Éṣíà tan, wọ́n gbà pé ó yàtọ̀ sí i, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Fún ọdún mẹ́wàá, orúkọ yìí ló wà nínú ìwé ìwádìí, nínú ìkìlọ̀ fún àgbẹ̀, àti nínú òfin àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fẹ́ kí máńgòrò wa wọlé. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ìmọ̀ jọ: wọ́n wọn ìyẹ́, wọ́n wo ẹ̀yà ìbímọ akọ, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gùn, wọ́n wo àbùdá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2015 wọ́n kéde pé eṣinṣin kan náà ni. Orúkọ invadens sì di orúkọ tí a dá padà sábẹ́ dorsalis.

Ẹ má fi èyí kẹ́gàn àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ìṣòro tó wà nínú ọ̀ràn náà: ọ̀kan wá láti Áfíríkà, èkejì láti Éṣíà, òkun wà láàárín wọn. Bí ohun méjì bá jìnnà síra báyìí, ìyàtọ̀ kékeré lè jẹ́ ti àyíká lásán. Àmọ́ bí oríṣi méjì bá ń gbé nínú oko kan náà ní Kétu, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí a kò sì rí èyí tó wà ní àárín méjèèjì, ẹ̀rí nìyẹn tó le ju àwọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ máa wá ìbátan tó ń bá èèrà yín gbé ilẹ̀ kan náà kí ẹ tó lọ wo àwòrán ti ilẹ̀ òkèèrè.

Ìjàlọ, olùkọ́ tí kò gba owó

Bí mo bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ìdí ọ̀wọ́ ìjàlọ ni mo máa ń rán an lọ kó tó ka ìwé kankan. Ìjàlọ wà nínú ìdílé Dorylus. Nínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tí kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ẹ ó rí èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, orí rẹ̀ wúwo, ẹ̀mú ẹnu rẹ̀ rí bí dòjé. Ẹni tí kò mọ̀ á kó wọn sínú ìgò mẹ́ta, á sì kọ orúkọ mẹ́ta. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Èyí tó tún le jù ni akọ wọn. Ní alẹ́ ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kòkòrò ńlá kan máa ń fò wá sídìí iná, ó ní ìyẹ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ gùn, ó sì ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n, wọ́n ń fi ṣeré. Akọ ìjàlọ ni. Kò jọ ìjàlọ rárá, àní ní 1764 Linnaeus, baba àwọn tó ń sọ ẹ̀dá lórúkọ, kó ọ̀kan nínú wọn mọ́ àwọn agbọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjàlọ gba orúkọ tiwọn lọ́tọ̀. Nígbà tó di 1849, Thomas Savage, dókítà àti míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Cape Palmas ní Làìbéríà, kọ̀wé pé òun rí akọ oníyẹ̀ẹ́ yìí nínú ọ̀wọ́ ìjàlọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé àwọn onímọ̀. Títí di òní, irú Dorylus kan wà tó jẹ́ pé akọ nìkan ni a mọ̀, a kò mọ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ náà ní orúkọ mìíràn nínú ìwé mìíràn.

Ìdí nìyí tí a kì í fi mú ìjàlọ ẹyọ kan. Ẹ mú kékeré, ẹ mú àárín, ẹ mú ńlá, nínú ọ̀wọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, sínú ìgò kan náà. Bí akọ bá wà nínú ọ̀wọ́ náà, ohun tó níye lórí lẹ rí yẹn. Ẹ mú un pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó yí i ká. Akọ tó bá wá sídìí iná nìkan, ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ẹ kò mọ ilé tó ti wá. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé ìdí.

Ìkamùdù àti ẹni tí wọ́n ń pè ní ìkamùdù

Èèrà dúdú ńlá méjì wà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìkamùdù gan-an, Paltothyreus tarsatus, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Èkejì ni Megaponera analis, tó ń kó ogun ja ikán.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìkamùdù sábà máa ń dá rìn, ó ń wá ohun tí yóò jẹ láàárín ewé gbígbẹ. Megaponera ń tò lọ sídìí ikán bí ọmọ ogun, ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì gbé òkú ikán sẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń padà. Ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú: bí ẹ bá da ọ̀wọ́ Megaponera láàmú, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún ṣíí, nítorí wọ́n ń fi apá kan ara ha apá kejì.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbóòórùn. Ìkamùdù tí a bá fọwọ́ tẹ̀ ń rùn bí imí-ọjọ́, òórùn náà kì í sì í tètè kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ìwọ̀n wọn. Nínú ilé ìkamùdù, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú ọ̀wọ́ Megaponera, ńlá àti kékeré jọ ń rìn ni, ìyàtọ̀ wọn sì hàn sí ojú lásán. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan péré kò lè mọ èyí. Ẹni tó bá mú ogún á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Èyí kì í ṣe eré. Megaponera yìí ni Erik Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ní ọgbà ẹranko Comoé ní Ivory Coast, tí wọ́n fi kọ̀wé ní 2017 pé ó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ padà sílé láti ojú ogun. Ẹni tó bá fẹ́ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Kétu, tó sì lọ jókòó ti ilé ìkamùdù, yóò jókòó pẹ́.

Lára igi eléso

Ẹ jẹ́ ká padà sórí máńgòrò. Èèrà tó ń fi ewé tútù hun ilé sórí igi, Oecophylla longinoda, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti gun igi ọsàn rí. Ní 2007, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde láti oko máńgòrò ní Bẹ̀nẹ̀, tó fi hàn pé ibi tí èèrà yìí bá pọ̀ sí, eṣinṣin èso kì í ba máńgòrò jẹ́ tó ibi tí kò sí. Àgbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ìkórè nítorí ó ń géni jẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń dáná sun ilé rẹ̀ ń lé olùṣọ́ kúrò lóko ara rẹ̀ ni.

Àwọ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Òmíràn pọ́n bí epo, òmíràn ṣú dẹ̀dẹ̀. Ńlá àti kékeré wà nínú ilé kan náà: àwọn ńlá ń jáde lọ ṣọdẹ, àwọn kékeré sábà máa ń dúró ti àwọn ọmọ. Àwọ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di àgbà sì máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kì í ṣe èèrà yìí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé pupa lórí máńgòrò kan tí ẹ sì rí ilé dúdú lórí èkejì, ẹ má tíì ké pe ẹnikẹ́ni.

Ìbàdí ni kí ẹ wò. Ẹ fi awò ọwọ́ tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wo ibi tóóró tó wà láàárín àyà àti ikùn. Oecophylla ní kókó kan ṣoṣo níbẹ̀, ó sì gùn, ó tínínrín. Èèrà mìíràn tún wà lórí igi, Tetramorium aculeatum, òun náà pọ́n, òun náà ń gbé inú ewé, ṣùgbọ́n okùn ara igi ló fi ń ṣe ilé rẹ̀ sábẹ́ ewé, kì í fi òwú lẹ ewé pọ̀ bíi Oecophylla. Kókó méjì ló wà ní ìbàdí tirẹ̀, ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré sí Oecophylla, ó sì ń fi ìdí ta ènìyàn. Oecophylla kì í ta. Ó ń fi ẹnu gé, á sì tu omi kíkan sójú ọgbẹ́ náà.

Kíka kókó ìbàdí nìkan máa ń yanjú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo bóyá ó ní ojú (òṣìṣẹ́ ìjàlọ kò ní), ẹ ka oríkèé ìwo orí rẹ̀, ẹ wo eyín ẹ̀mú ẹnu rẹ̀, ẹ wo bóyá ara rẹ̀ ń dán tàbí ó rí háraharà. Àwọ̀ ni kó gbẹ̀yìn pátápátá.

Bí a ṣe ń kó wọn, bí a ṣe ń wọ̀n wọ́n

Ìgò kékeré tó ní ìdérí tó le, ọtí, pẹ́ńsù, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ìwé ìkọ̀wé àti pẹ́ńsùlù ti tó. Ní ti ọtí, sódábì tí wọ́n ń sè lábúlé kò lágbára tó, èèrà á jẹrà nínú rẹ̀ bó bá pẹ́. Ẹ ra ọtí ìpakòkòrò ní ilé oògùn: èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún wíwo ìrísí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé ẹnì kan lè wo àbùdá rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ wá 95. Inú ìgò ni kí ẹ fi ìwé àpèjúwe sí, kì í ṣe ara ìgò, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ sì fi kọ ọ́, nítorí ọtí ń fọ tàdáwà kúrò. Ẹ kọ abúlé, kí ẹ kọ àmì ibi tí fóònù yín fi hàn, ọjọ́, orúkọ ẹni tó kó o, ibi tó ń gbé gan-an (inú ilẹ̀, abẹ́ èèpo, orí ewé), àti nọ́ńbà ilé. Ilé kan, ìgò kan. Ẹni tó bá da ilé méjì pọ̀ sínú ìgò kan ti ba iṣẹ́ méjèèjì jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá fura pé ẹ ní irú méjì, ẹ kó òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ó kéré tán láti ilé kọ̀ọ̀kan, kí ilé náà sì tó mẹ́ta fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò orí láti iwájú pẹ̀lú ìlà ìdíwọ̀n nínú fọ́tò náà. Ẹ wọn fífẹ̀ orí, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ pín fífẹ̀ sí gígùn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Orí tó fẹ̀ ní mìlímítà 1.2, tó gùn ní 1.5, yóò fún yín ní 80. Ẹ ṣe bákan náà fún oríkèé gígùn àkọ́kọ́ ìwo orí, ẹ pín gígùn tirẹ̀ sí fífẹ̀ orí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nínú èèrà tó ní ńlá àti kékeré, orí kì í tóbi bákan náà pẹ̀lú ara. Bí èèrà ṣe ń tóbi sí i, orí rẹ̀ lè máa fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹ bá fi ńlá ilé A wé kékeré ilé B, ẹ ó rí ìyàtọ̀ tí kò sí. Kékeré ni a ń fi wé kékeré, ńlá ni a ń fi wé ńlá. Bí iye tí ẹ rí nínú ilé A bá wọnú ti ilé B, ẹ gbà pé irú kan náà ni títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi dé. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, tí ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí ìwọ̀n, bí irun ara tàbí ìrísí kókó ìbàdí, bá tẹ̀lé àlàfo náà láìyẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ẹ ó fi hàn.

Ta ni ẹ ó fi hàn?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà. AntWeb, tí California Academy of Sciences ń tọ́jú, ní fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú èèrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Fún agbègbè wa, ìwé tí Brian Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní àwọn ọdún 1970 nígbà tó wà ní ilé ìwádìí kòkó ní Ìbàdàn, lórí èèrà inú igbó Nàìjíríà, ṣì wúlò, nítorí ààlà tó wà láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, èèrà kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ Barry Bolton lórí ìdílé Tetramorium ní Áfíríkà, tó jáde ní 1980, le láti kà, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìgò yín lọ. Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní Kétu níbí. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Abomey-Calavi ní ilé ìpamọ́ kòkòrò tó tóbi. Kí a tó lè fún irú tuntun lórúkọ, òfin àwọn onímọ̀ béèrè pé kí ẹyọ kan wà tí a yàn gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀rí, kí ìwé tó jáde sì tọ́ka sí ẹyọ náà gan-an; ibi tó yẹ irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni ilé ìpamọ́ tí gbogbo onímọ̀ lè dé, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má kọ orúkọ tí kò dá yín lójú sínú ìgò. Bó bá jẹ́ pé ìdílé nìkan ló dá yín lójú, ẹ kọ “Dorylus, irú tí a kò tíì mọ̀”, ó ti tó. Ilé ìpamọ́ lè lo èèrà tí kò ní orúkọ. Kò lè lo èyí tí kò ní ibi àti ọjọ́.